Ìwé Tí Fàlílù Káfíńtà Kò Tíì Gbà

Bí ẹ bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Fàlílù káfíńtà kọjá ní àdúgbò Ìjánà, nílùú Ọ̀tà, ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú ọdún 1956, ẹ ó rí ohun tí yóò dá yín dúró. Èèyàn mẹ́fà ló jókòó sórí àpótí, kálukú gbé tirẹ̀ wá láti ilé gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́ ṣe máa ń ṣe. Ẹnì keje dùbúlẹ̀ gbalaja sórí tábìlì tí Fàlílù fi ń rẹ́ pákó, ó dijú, ó ń ṣe bí ẹni tí lọ́rì kọlù. Ẹ̀rín sì ń pa á, nítorí èérún pákó ti kó sí i nímú.

"Ẹ wo ọwọ́ mi," ni Fàlílù wí.

Ó mú okùn tín-ín-rín tí àwọn káfíńtà fi ń fa ìlà sórí pákó, ó lọ́ ọ mọ́ apá ẹni tó dùbúlẹ̀, ó fún un, ó ta á ní kókó.

"Ẹ̀jẹ̀ ti dúró. Ṣé ẹ rí i?"

"A rí i, ọ̀gá!"

"Ó parí."

Ní tirẹ̀, ó parí lóòótọ́. Fàlílù kò lọ́rọ̀ lẹ́nu, ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń bá a sọ̀rọ̀. Bí òun náà ṣe kọ́ iṣẹ́ káfíńtà nìyẹn. Ọdún márùn-ún gbáko ló fi wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀, bó bá sì ti ṣì í, ọ̀gá á gbá a létí, òun náà á tún un ṣe.

Ní òdìkejì ọ̀nà, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, Àdìzát ìyàwó rẹ̀ ń dírun fún oníbàárà kan. Onídìrí ni Àdìzát. Ní gbogbo Ìjánà, kò sí ẹni tó lè di ṣùkú kó dúró ṣánṣán bíi tirẹ̀. Ó ń dírun lọ, ó ń yọjú wo ọkọ rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn bí inú ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogún ọdún rè é tí wọ́n ti fẹ́ra, tí Mùíbátù àkọ́bí wọn sì ti wà nílé ọkọ.

Kí ni kò ní mú inú rẹ̀ dùn? Ní ọdún tó ṣáájú, lọ́rì kan dojú dé lọ́nà Sàngó níṣojú Fàlílù. Èèyàn mẹ́ta kú síbẹ̀, kò sì mọ ohun tó lè fún wọn ju omi lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kó jẹun fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ìgbà tó gbọ́ pé ẹgbẹ́ kan wà ní Èkó, Ẹgbẹ́ Aṣàánú Ojú Pópó, tí wọ́n ń kọ́ èèyàn bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tó ṣèṣe kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó forúkọ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjìlá ló fi lọ, tó ń bọ̀. Wọ́n dán an wò, ó yege, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí.

Àwọn èèyàn wa ò sì mọ̀ ju ohun kan lọ nípa ẹni tó kọ́ṣẹ́ tó sì yege: ó ti gba òmìnira nìyẹn. Bàbá Àjàlá, olórí àwọn káfíńtà Ọ̀tà, pe ẹgbẹ́ jọ, wọ́n ṣàdúà, wọ́n gbé ìwé ẹ̀rí náà lé Fàlílù lórí bí wọ́n ṣe máa ń gbé irinṣẹ́ lé ọmọ iṣẹ́ tó ṣe òmìnira lórí.

"Látòní lọ, o ti di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì," ni Bàbá Àjàlá wí. "Gba ọmọ iṣẹ́, kí ìmọ̀ náà má bàa kú sí ọ lọ́wọ́."

Gbogbo wọn ṣe àmín. Àdìzát ló ṣe àmín tó rinlẹ̀ jù.

Ní ọjọ́ Ajé kan lẹ́yìn ìgbà náà, Àdìzát wọ lọ́rì láti lọ ra òwú ìdirun ní Ifọ̀. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ ń yọ̀. Wọn ò tíì jìnnà sí Sàngó tí ọkọ̀ náà fi yọ̀ wọ kòtò, tó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Páànù ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ló ya Àdìzát lápá ọ̀tún, nísàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́. Ẹ̀jẹ̀ bò ó.

Àwọn kan ń sá sí igbó, àwọn kan ń ké. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Jìbírílù, ọ̀kan nínú àwọn méje tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Fàlílù. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ni, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ní ìyàwó àti ọmọ méjì, onítìjú èèyàn tí kì í wo ojú ẹni tó bá ń bá sọ̀rọ̀.

"Yéè! Ìyá wa! Ẹ̀yin ni?"

"Jìbírílù, ẹ̀jẹ̀ náà pọ̀ o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀gá ti kọ́ wa."

Kò sá. Ó yọ okùn tí Fàlílù fún kálukú wọn jáde nínú àpò, ó lọ́ ọ mọ́ òkè ìgbọ̀nwọ́ Àdìzát, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ fún un, ó ta á ní kókó bó ṣe rí ọ̀gá rẹ̀ tó ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ dúró. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi lé ròrò lójú rẹ̀. Ó wá mú ìborùn Àdìzát, ó fi wé gbogbo apá náà láti òkè dé ọrùn ọwọ́, ó wé e dáadáa, kí ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ má bàa máa rí ẹ̀jẹ̀ kó sì máa bẹ̀rù.

Àánú ló fi ṣe é. Kò sẹ́ni tó lè bá a jà fún ìyẹn.

Lọ́rì elérèé tó ń lọ sí Abẹ́òkúta ló gbé àwọn tó fara pa. Ó dúró ní Ifọ̀ já ẹrù, ó tún dúró lọ́nà nítorí táyà. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n lò. Lákọ̀ọ́kọ́, apá náà ń dun Àdìzát wọra. Nígbà tó yá ó ń gún un bí abẹ́rẹ́. Nígbà tó tún yá, kò mọ̀ ọ́n lára mọ́ rárá.

"Ọwọ́ Jìbírílù mà dára o," ló ń sọ fún obìnrin tó jókòó tì í. "Kò tilẹ̀ dùn mí mọ́."

Nọ́ọ̀sì tó gbà á ní ilé ìwòsàn ní Abẹ́òkúta kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Ọmọ́lẹ́yẹ lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń tú ìborùn náà. Ìgbà tó tú u dé òkè, ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu rẹ̀. Okùn ti wọ inú ẹran, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn mọ́. Ọwọ́ Àdìzát ti wú, ó ti dúdú, ó tutù bí omi àmù.

"Ìyá, láti ìgbà wo lokùn yìí ti wà níbí?"

"Láti Sàngó ni."

Nọ́ọ̀sì sáré lọ pe dókítà.

Ọjọ́ méjì ni wọn kò fi mọ̀ bóyá wọn yóò gé ọwọ́ náà. Dókítà sọ ọ́ fún Àdìzát láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Àdìzát dùbúlẹ̀, ó ń wo ọwọ́ tó fi ń di orí gbogbo Ìjánà, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó jọ̀wọ́ ṣẹ́ ẹ kù fún òun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, àtàńpàkò rẹ̀ mira. Nọ́ọ̀sì Ọmọ́lẹ́yẹ ló kọ́kọ́ rí i, òun ló sì kọ́kọ́ sunkún.

"Wọn ò ní gé e mọ́, Ìyá. Wọn ò ní gé e."

"Alihamdulilai!"

Ìgbà tí ara rọ̀ wọ́n tán, nọ́ọ̀sì fa àpótí kan, ó jókòó.

"Ìyá, ẹ má bínú. Ta ló so okùn yẹn?"

"Ọmọ iṣẹ́ ọkọ mi ni. Ọkọ mi ló kọ́ ọ. Ó ń kọ́ wọn ní ìtọ́jú pàjáwìrì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́." Àdìzát gbé orí sókè díẹ̀. "Ọkọ mi ní ìwé ẹ̀rí láti Èkó."

"Ìwé wo ni, Ìyá? Ìwé tí wọ́n fi ń tọ́jú èèyàn, àbí ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ èèyàn?"

"Ṣé ọ̀tọ̀ ni wọ́n?"

"Ọ̀tọ̀ gédégédé ni."

Ẹnu ya Àdìzát. "Ṣùgbọ́n ó ti gba òmìnira! Bàbá Àjàlá ló ṣàdúà fún un. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ti gba òmìnira kò ha lè gba ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín músẹ́, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ télọ̀ ni òun náà, ó sì mọ ètò òmìnira.

"Nínú iṣẹ́ káfíńtà, ó lè gbà á, Ìyá. Bí ọmọ iṣẹ́ bá gé pákó kúrú, wọ́n á wá pákó mìíràn. Yóò máa ṣì í, wọn ó sì máa tún un ṣe fún ọdún mẹ́rin, ọdún márùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkọ yín bá kọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ lè bá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ pàdé lọ́jọ́ Ajé, òun nìkan, tí ọ̀gá ò sí níbẹ̀. Ohun tí wọn ò bá là yé e, kò ní rí ẹni tí yóò là á yé e níbẹ̀."

"Kí ni wọn ò là yé Jìbírílù?"

"Pé ọwọ́ la kọ́kọ́ fi ń tẹ ojú egbò, ká fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidi, ká má jù ú sílẹ̀. Bí mo ṣe wo egbò yín yìí, ìyẹn nìkan ì bá tó o. Pé a kì í so apá àfi tí títẹ̀ bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Bí a bá máa so ó, aṣọ tó fẹ̀ la fi ń so ó, kì í ṣe okùn tín-ín-rín. A ó kọ aago tí a so ó sílẹ̀, a ò sì gbọdọ̀ fi aṣọ bò ó, kí dókítà lè rí i."

 Àdìzát mọ̀ pé Fàlílù mọ gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn. Fàlílù tilẹ̀ ní aṣọ fífẹ̀ náà nínú àpò rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo, tí kò fẹ́ kó dọ̀tí. Ìdí nìyẹn tó fi ń lo okùn káfíńtà láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn tó ń wo ọwọ́ rẹ̀ sì rò pé okùn gan-an ni.

"Ta ló wá yẹ kó máa kọ́ wọn?" ló béèrè.

"Ẹgbẹ́ ọ̀hún ní òfin tirẹ̀ lórí ìyẹn, mo mọ̀ ọ́n nítorí olùkọ́ wọn ni mí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ni gbọ́dọ̀ ní ìwé ìtọ́jú tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ó gbọ́dọ̀ ti fi ọdún méjì ṣe iṣẹ́ náà, kí ẹni tó jù ú lọ sì jẹ́rìí sí i. Yóò lọ sí kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí a ṣe ń kọ́ni, ìyẹn gan-an ló le jù. Yóò máa ran olùkọ́ tó dáńtọ́ lọ́wọ́, ìyẹn á máa wò ó, á máa tọ́ ọ sọ́nà. Ìgbà náà ló tó jókòó fún ìdánwò. Bó sì gba ìwé olùkọ́ tán, ọdún mẹ́ta ni, yóò tún padà wá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ó mà pọ̀ o."

"Ó pọ̀, Ìyá. Ọwọ́ èèyàn náà kì í ṣe kékeré."

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni Fàlílù dé láti Ọ̀tà, ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ dání. Ìgbà tí wọ́n sọ fún un pé ọwọ́ kò ní lọ, ó dojú bo ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó wá gbé ojú sókè, ojú náà ń dán.

"Jìbírílù ló gbà ọ́ là! Ṣé o mọ̀? Gbogbo Sàngó ló ń sọ ọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ, Àdìzát. Ọwọ́ tèmi yìí ló gbà ọ́ là, láìjẹ́ pé mo wà níbẹ̀." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Àwọn èèyàn ti wá bá mi láti Joju àti láti Ìyànà Ìyẹ̀sí. Méjìlá ni wọ́n. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún la ó bẹ̀rẹ̀."

 Àdìzát kò tíì rí inú ọkọ rẹ̀ kó dùn tó báyìí rí. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ pa irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀? Ó ní, "Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́, Bàbá Mùíbátù," ó sì yíjú sí ògiri.

Láti ọjọ́ yẹn, kò ráyè sùn dáadáa. Bó bá dákẹ́, ọkọ rẹ̀ á máa jẹ́ ọ̀gá lọ, gbogbo èèyàn á máa kí i. Èèyàn méjìlá yóò sì gba okùn, àwọn náà á jáde lọ sí ojú títì. Apá ta ni yóò kàn? Bóyá ti Mùíbátù ọmọ wọn pàápàá, ta ló mọ̀?

Ó padà sílé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́bọ̀, ó bá Fàlílù ní ṣọ́ọ̀bù tó ń gé okùn, ó ń kó o jọ lọ́kọ̀ọ̀kan fún àwọn méjìlá. Ó jókòó tì í, ó na apá òsì rẹ̀, èyí tó gbádùn.

"Bàbá Mùíbátù, ẹ bá mi so okùn yẹn mọ́ apá mi, bí ẹ ṣe fi ń kọ́ wọn."

Fàlílù rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà fẹ́ kọ́ṣẹ́?"

"Ẹ sáà so ó."

Ó so ó. Àdìzát bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìrìn àjò rẹ̀ fún un. Ó sọ bí ọkọ̀ ṣe yọ̀, bí Jìbírílù ṣe sáré wá, bí ó ṣe fi ìborùn wé e. Ó sọ nípa lọ́rì elérèé, ó dárúkọ ibi tí wọ́n ti já ẹrù, ó sọ nípa táyà. Fàlílù ń mi orí, ó ń gé okùn lọ. Ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí Àdìzát tó dákẹ́.

"Ẹ fọwọ́ kan ìka mi."

Fàlílù fọwọ́ kàn án. Ìka náà ti wú, ó sì ti ń tutù. Ó gbójú sókè, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó wà nínú báńdéèjì.

"Wákàtí mẹ́rin ni, Bàbá Mùíbátù," ni Àdìzát wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Irú okùn yìí gan-an ni. Kì í ṣe egbò ló fẹ́ mú ọwọ́ mi lọ."

Ọ̀bẹ ni Fàlílù fi já okùn náà. Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pa á títí ó fi gbóná. 

"Mo mọ̀ pé aṣọ fífẹ̀ ni. Mo mọ̀ ọ́n. N kò kàn sọ ọ́ ni. Mo rò pé wọ́n á mọ̀."  "Èmi ni mo ṣe ọ́ báyìí?"

"Ẹ̀yin kọ́. Ẹ ò ní èrò ibi kan. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní ìwé kan wà tí ẹ ò tíì gbà, ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni. Mo fẹ́ràn yín ni mo fi dákẹ́ láti ọjọ́ yìí. Mo sì fẹ́ràn yín ni mo fi sọ ọ́ lónìí."

Gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún un ló tún sọ fún ọkọ rẹ̀, kò fi ọ̀kan sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, àwọn méje àti àwọn méjìlá pé sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Àjàlá náà wá láti wá ṣàdúà ìbẹ̀rẹ̀. Àpò òfìfo, tí kò sí okùn kankan nínú rẹ̀, ni Fàlílù fi hàn wọ́n.

"Ẹ dákun, ẹ dá okùn tí mo fún yín padà," ló wí fún àwọn méje. "Mo mọ iṣẹ́ náà ṣe, mi ò tíì mọ̀ ọ́n kọ́ ẹlòmíràn. Ìyàwó mi ló jìyà rẹ̀."

"Kí lò ń wí yìí, Fàlílù?" ni Bàbá Àjàlá dá a lóhùn, inú ń bí i díẹ̀. "A ti fún ọ ní òmìnira!"

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Òmìnira káfíńtà lẹ lè fún mi. Ti èyí kò sí lọ́wọ́ yín, kò sì sí lọ́wọ́ mi."

Jìbírílù dìde láti ẹ̀yìn. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Èmi ni mo so ó," ló wí, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Àdìzát ló gba àárín wọn kọjá lọ bá a. "Ìgbà tí àwọn kan ń sá wọ igbó, ìwọ lo sá tọ̀ mí wá. Ohun tí wọ́n fi hàn ọ́ lo ṣe. Má sunkún mọ́. Wá jẹun nílé lónìí."

Fàlílù kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ ní Èkó. Oṣù kan kò tíì pé tí wọ́n fi rán olùkọ́ wá sí Ọ̀tà, ta ni ẹ rò pé ó jẹ́? Nọ́ọ̀sì Ọmọ́lẹ́yẹ ni. Ọjọ́ Sátidé méjì lóṣù ló máa ń wá. Fàlílù, ọ̀gá káfíńtà, ẹni ogójì ọdún ó lé, ló ń gbé àpò tẹ̀ lé ọmọbìnrin yìí, tó ń tẹ́ ẹní, tó ń ká báńdéèjì. Àwọn kan fi ṣe ẹlẹ́yà. Ó ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín, pé ẹ̀rín kì í ya èèyàn lápá.

Ó fi ọdún méjì pé ṣe iṣẹ́ náà lọ́nà Sàngó, nọ́ọ̀sì sì jẹ́rìí sí i. Ó lọ sí kíláàsì ìkọ́ni. Nígbà ìdánwò, wọ́n ní kó kọ́ àwọn aláìmọ̀ mẹ́fà bí a ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Kò tíì rìn jìnnà tí ẹnu rẹ̀ fi yọ̀: "Ẹ wo ọwọ́ mi." Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n... rárá o, wọn kò sọ ọ́ sẹ́wọ̀n, wọ́n kàn ní kò yege nítorí kò sọ ìdí ohun tó ń ṣe, kó lọ, kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Àfi kẹ́ ẹ rí ojú rẹ̀ nígbà tó délé, ẹ ó rò pé ẹ̀wọ̀n náà ni.

Oṣù mẹ́fà yẹn, Àdìzát ló di ọmọ kíláàsì rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹun alẹ́ tán, yóò jókòó, Fàlílù á máa kọ́ ọ.

"Kí ló dé tí mo fi gbọ́dọ̀ kọ aago sílẹ̀?" ni Àdìzát á béèrè.

"Nítorí... nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é."

"Ẹ ò yege! Ẹ padà sí Ọ̀tà," ni Àdìzát á wí, bí ẹni pé òun ni olùdánwò.

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, yóò tún bẹ̀rẹ̀, títí tó fi lè ṣàlàyé ohun gbogbo, tó fi lè ní kí Àdìzát ṣe é kí òun wò, tó fi kọ́ láti dúró de ẹni tí nǹkan kò tètè yé. Ní ìdánwò ẹlẹ́ẹ̀kejì, nínú ọdún 1959, ó gba ìwé olùkọ́.

Kíláàsì àkọ́kọ́ tó dá dúró ṣe wáyé ní Joju. Àdìzát bá a lọ. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ìdirun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọmọńdinrín àti èyí tó tẹ̀ lé e, kò jí mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Fàlílù ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni obìnrin aláṣọ kan tó ń jẹ́ Ràfátù nawọ́ sókè.

"Ẹ má bínú o, Bàbá. Kẹ́ ẹ tó kọ́ wa, ta ló fún yín láṣẹ? Ìwé dà?"

 Àwọn kan ń wo Ràfátù bí aláìlẹ́kọ̀ọ́. Fàlílù wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wò ó, wọ́n sì rẹ́rìn-ín papọ̀. Ó yọ ìwé rẹ̀ jáde, ó gbé e lé Ràfátù lọ́wọ́, ó ní kó kà á sókè fún gbogbo ilé, pàápàá jù lọ ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò parí.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ohun tí a fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ nìyẹn. Ẹ kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, ó dára, ó ń gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ yín nítorí pé ó mọ̀ ọ́n ṣe, tàbí nítorí pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀, tàbí nítorí pé àgbà kan ṣàdúà fún un. Ẹ bi í bóyá ó ní ìwé olùkọ́ yàtọ̀ sí ìwé ìtọ́jú. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀. Ẹ bi í ọdún tó ti fi ṣiṣẹ́ náà àti ẹni tó dán an wò. Bó bá ń kọ́ yín tí kò sọ ìdí, ẹ béèrè ìdí. Bí ẹ̀yin náà bá sì fẹ́ di olùkọ́, ẹ má fo ìpele kankan. Olùkọ́ tó tó bẹ́ẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè yín.

Ẹ má sì tijú bí kò bá sí ẹlòmíràn tó béèrè. Ká ní ẹnì kan péré ti bi Fàlílù ní Ìjánà ohun tí Ràfátù bi í ní Joju, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni Àdìzát ì bá ṣì máa fi dírun lónìí.